Igbá Onígi Tó Gbé Ìyá Délé

Títí di òní, tí òórùn òrí bá ta sí mi nímú, kì í ṣe ìkókó ni ọkàn mi máa ń lọ bá bíi ti àwọn ẹlòmíràn. Ilé iṣẹ́ mi kékeré ní Tucker, lẹ́bàá Atlanta, ló máa ń lọ, sí ìgbà kan tí mo jókòó sáàárín eruku igi, tí mo fi ọwọ́ òsì di igbá onígi mú, tí mo sì ń fi ìka ọwọ́ ọ̀tún ra òrí sí i lára bí ẹni ń para fún èèyàn. Mo rántí ìgbà náà dáadáa. Ìgbà kòrónà ni, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú dúró káàkiri ayé, tí àwa tí a wà ní Atlanta kò lè lọ sílé, tí àwọn ará ilé kò sì lè wá bá wa. Bí ènìyàn bá wà lájò nígbà náà, àfi kó máa wojú Ọlọ́run.

Káfíńtà ni mí. Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ni mo fi ń jẹun. Onílé kan wà ní Fayetteville tí mo ṣe ti ilé ìdáná rẹ̀, tó yà á ní fọ́tò, tó sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rìn bí ẹni pé èmi ni mo dá igi. Tí ẹnikẹ́ni bá jókòó sórí àga ní ilé ìjọsìn wa, màá bẹ̀rẹ̀ wo ìdí àga náà, màá sì mi orí. Ìyàwó mi a máa sọ pé ọjọ́ tí mo bá dé ọ̀run, ilẹ̀kùn ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó wọlé.

Ní ilé ìjọsìn yẹn náà ni mo ti mọ ìyá kan tó wá láti Ṣakí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń gbé ní Duluth, ló bímọ, ìyá sì wá bá a tọ́jú ìkókó kí kòrónà tó dé. Ìyá náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Òrí tí yóò máa fi pa ọmọ lára, igbá kékeré ọlọ́mọrí kan ló bù ú sí láti ilé, ó sì gbé e lọ́wọ́ títí wọ Amẹ́ríkà. Ó sọ fún wa bí àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ ṣe pé jọ lé igbá náà lórí tí wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí òun sì ní kí ẹni tí ara rẹ̀ bá gbẹ nínú wọn na ọwọ́ wá. Mo ṣèlérí àga kékeré fún ìkókó náà, gbogbo ọjọ́ ìsinmi tó bá rí mi ló sì máa ń sọ pé, “Káfíńtà, àga ọmọ mi dà? Ṣé kó tó fẹ́yàwó lo máa ṣe é tán ni?” Ẹ̀rín la fi ń túká.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n pè wá pé ìyá sùn, kò jí. Kì í ṣe kòrónà ló pa á, ọkàn rẹ̀ ló kàn dúró. Ṣùgbọ́n ìgbà kòrónà ló kú sí, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ tipẹ́ pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má fi òun sílẹ̀ sínú ilẹ̀ òtútù yìí, pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ òun ni ilé òun. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Àmọ́ kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé òkú dé ibẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú òkú sọ pé àyè àwọn ti kún, àwọn kò lè gbé e pamọ́ mọ́. Yálà kí wọ́n sin ín sí Georgia, kí ó di pé kò ní délé láéláé, tàbí kí wọ́n finá sun ún. Ọmọ náà rò ó títí. Ó rò ó pé eérú lè dúró de ọkọ̀, òkú kò lè dúró. Ó gbà pé kí wọ́n sun ún, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ọ̀sán ni ó wá bá mi ní Tucker, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́, ó bo imú àti ẹnu.

“Uncle, ẹ má bínú, mi ò pè yín kí n tó wá. Shift mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni.”

“Kò sí wàhálà, àbúrò mi. Ẹ kú ara fẹ́ra kù.”

“Uncle, inú plastic ni wọ́n kó màámi sí.” Ó bú sẹ́kún. “Plastic! Bí ìgbà tí èèyàn lọ ra oúnjẹ takeout. Inú closet, láàárín aṣọ, ni mo gbé wọn sí, mi ò lè wo ibẹ̀. Ẹ bá mi fi igi ṣe nǹkan tó dáa fún wọn, kí n lè gbé wọn lọ sílé. Ẹ jọ̀ọ́, sà.”

Ẹkún náà dùn mí dé egungun. Mo sọ fún un pé kó má ṣèyọnu, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Nígbà tí mo dé ilé tí mo rò ó fún ìyàwó mi, ó ní kí n bọ́ aṣọ iṣẹ́ mi sí gáréèjì lójoojúmọ́ títí n ó fi parí rẹ̀, pé òun fẹ́ràn ìyá náà púpọ̀ o, ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù máa gbé ilé tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí orí mi ṣe rí nígbà náà. N kò rí irú nǹkan tí wọ́n ń kó eérú òkú sí rí láyé mi, n kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ta ni káfíńtà tó ṣe ti Fayetteville yóò bi? Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí à ń fi igi ṣe fún òkú ni pósí. Mo bá ṣe pósí, mo kàn dín in kù ni. Mo lo pákó tó dára jù lọ tí mo ní, mo fi idẹ ṣe ìdìmú sí i lọ́tùn-ún lósì, mo da fánííṣì sí i títí èèyàn fi lè wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Mo fi aṣọ funfun bò ó, mo pe nọ́ọ̀sì kó wá wò ó. Mo tiẹ̀ ti ń ro irú ọpẹ́ tí yóò dú, àti bí n ó ṣe fi ìrẹ̀lẹ̀ dáhùn.

Ó ṣí aṣọ náà. Ó fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

“Uncle,” ó ní, “ọmọ ta ló kú?”

Ìgbà náà ni ojú mi là. Lọ́dọ̀ tiwa, ta ni wọ́n ń kan pósí kékeré fún? Ọmọ tí àwọn òbí kò ní tẹ̀ lé dé ibojì ni. Òkú òfò ni, òkú tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè. Ìyá arúgbó tó bímọ, tó rí ọmọ ọmọ, tí àdúrà tí gbogbo wa ń gbà fún àwọn òbí wa ṣẹ sí lára, òun ni mo ṣe ilé òkú ọmọ fún, tí mo tún fi idẹ sí i. Nọ́ọ̀sì náà kò bú mi, ì bá bú mi ìbá sàn. Ó kàn dá aṣọ náà bò ó padà pẹ̀lẹ́, ó ní, “Ẹ ṣé, sà,” ó sì lọ sínú mọ́tò rẹ̀. Mo tú pósí náà ká kí ọ̀sán tó pọ́n lọ́jọ́ kejì, n kò sì fi pákó rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo wakọ̀ lọ sí Duluth láti lọ tọrọ àforíjì. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ó ní kí n jókòó. Bí mo ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi bẹ̀rẹ̀, ojú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ fún ọmọ. Igbá òrí ìyá wà níbẹ̀, ó dé ọmọrí rẹ̀, ó tutù minimini. Mo béèrè bóyá mo lè fọwọ́ kàn án.

“Kò tíì tán,” ó ní. “Èmi nìkan ni mò ń bù ú. Mi ò jẹ́ kí ọkọ mi gan-an fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ òun ni màámi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi para fún ọmọ.”

Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó yíká ròbòtò, ibi tí ìyá máa ń dì mú ti ń dán. Nígbà tí mo ṣí i, òórùn Ṣakí jáde síta ní Duluth. N kò mọ ìgbà tí mo sọ̀rọ̀. Mo ní, “Àbúrò mi, ṣé o máa gbà kí n fi igi gbẹ́ irú èyí, kí n gbẹ́ ẹ tóbi, kí ìyá wà nínú rẹ̀?” Ó wo igbá náà, ó wo mi, ó sì mi orí bẹ́ẹ̀ ni.

Igbá kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù. Kọ́bọ́ọ̀dù ní igun, èèyàn lè fi igun bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ohun tó bá yíká kò ní ibi tí o máa fi ẹ̀tàn pamọ́ sí. Ẹ̀rọ tí ń yí igi bírí wà lọ́wọ́ mi, èyí tí mo fi ń ṣe ẹsẹ̀ tábìlì, ṣùgbọ́n n kò fi gbẹ́ nǹkan tó ní ikùn rí. Igi pecan kan tí ìjì wó ní ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ wa ni mo mú. Èyí tí mo kọ́kọ́ gbẹ́, ó là láti ẹnu dé ìdí, nítorí igi náà kò tíì gbẹ dénú, mo sì ń kánjú. Mo padà sí ègé tó ti pẹ́ jù lórí àjà, mo yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo ń dá ẹ̀rọ dúró, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ wò ó bí ẹni ń wo ibà lára ọmọ. Mo gbẹ́ ọmọrí fún un, mo fi sánpépà họ ìta igbá náà, mo họ inú rẹ̀ náà. Ènìyàn lè béèrè pé ta ni yóò wo inú rẹ̀. Èmi kò mọ̀, ṣùgbọ́n inú ibẹ̀ kúkú ni ìyá máa wà.

Nígbà tí ó kù kí n da fánííṣì sí i, nọ́ọ̀sì pè pé kí n dúró de òun. Ó dé pẹ̀lú ike kékeré kan lọ́wọ́. Ó ti bu nínú òrí ìyá rẹ̀, èyí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

“Uncle, ẹ fi èyí pa wọ́n.”

A jọ pa á ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t’àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọwọ́ mi pa ìta, ọwọ́ rẹ̀ tó kéré ju tèmi lọ wọ inú, ó pa inú. Igi náà mu òrí, ó pọ́n bíi ara èèyàn tó wẹ̀ tán. Ó ń kọ orin kan nímú, n kò bi í léèrè orin wo ni.

Iṣẹ́ tó le jù ṣì wà níwájú. Bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí wọn, àbúrò sí olóògbé ọkọ ìyá, ti ń múra àtisìnkú ní Ṣakí láìmọ̀ pé wọ́n ti sun òkú. Bí bàbá yìí bá kọ̀, kò sí ẹni tí yóò la ilẹ̀ agboolé náà fún ẹnikẹ́ni, ìyá kò sì ní dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ mi ni nọ́ọ̀sì ti pè é lórí fídíò, ó ní ẹ̀rù ń ba òun láti dá pè é nílé. A fi fóònù ti pákó kan. Ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ́.

“Ẹ ti ṣe kí ni?” Ojú bàbá fún pọ̀. “Ìyá tó bí ọ, ìwọ lo fi sínú iná bí iṣu? Wò ó, a kò sin eérú rí nínú agboolé yìí. Mi ò ní gbé eérú ti ẹ̀gbọ́n mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí n wá sọ fún un pé kí ni?”

Omi ń bọ́ lójú nọ́ọ̀sì sórí eruku igi. Ni mo bá sún mọ́ fóònù, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo kí bàbá.

“Ta ló ń sọ̀rọ̀? Mi ò rí ẹnikẹ́ni, òrùlé ni mò ń wò.”

Mo dìde, mo gbọn eruku nù, mo dúró sí ibi tó ti lè rí mi. Mo ní èmi ni káfíńtà, pé kó má bínú, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi í. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Mo wá ohùn tó rẹlẹ̀ jù nínú ara mi.

“Bàbá, àwọn bàbá wa tó ń lọ ṣòwò ní Gold Coast láyé àtijọ́, tí ọlọ́jọ́ bá dé bá wọn lọ́hùn-ún, tí kò sí ohun tó lè gbé òkú wálé, kí ni wọ́n máa ń gbé wá fún sísin?”

Àkùkọ kan kọ lẹ́yìn bàbá.

“Irun orí àti èékánná,” ó ní níkẹyìn. “Wọ́n á fi aṣọ funfun dì í. Wọ́n á sin ín bí odidi èèyàn. Bàbá tó bí bàbá mi, Kùmásì ló kú sí. Èékánná rẹ̀ ló wà nínú ilẹ̀ ibi tí mo jókòó sí yìí.”

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè.

“Eérú yẹn,” bàbá béèrè, “ṣé gbogbo rẹ̀ ni, àbí wọ́n bù nínú rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀ ni, Bàbá,” nọ́ọ̀sì dáhùn.

“Inú kí ni ẹ gbé e sí?”

Mo gbé igbá náà sókè. Bàbá sún mọ́ fóònù títí ó fi ku iwájú orí rẹ̀ nìkan tí à ń rí. “Igbá òrí ìyàwó wa nìyẹn,” ó ní, ohùn rẹ̀ sì yí padà. “Ẹ gbé e bọ̀. Ẹ má kó o mọ́ ẹrù o. Ọwọ́ ni kí ẹ fi gbé e.”

Ọwọ́ náà ni nọ́ọ̀sì fi gbé e nígbà tí ọ̀nà là. Igi kì í dí ẹ̀rọ pápákọ̀ lójú, nítorí náà kò sí ẹni tó ní kó ṣí i. Ó ní òṣìṣẹ́ kan béèrè ohun tó wà níbẹ̀, òun sì dáhùn pé ìyá òun ni. Ọkùnrin náà bọ́ fìlà, ó yà fún un. Orí itan rẹ̀ ni igbá náà wà títí wọ́n fi dé Èkó, ó sì tún gbé e sí itan nínú mọ́tò dé Ṣakí.

Ọjọ́ ìsìnkú, èmi àti ìyàwó mi jókòó síwájú fóònù nínú pálọ̀ wa, ìyàwó mi tó ní kí n bọ́ aṣọ sí gáréèjì ti ń nu ojú kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀. Mo ń retí láti rí ihò kékeré kan, bí èyí tí wọ́n ń gbẹ́ láti gbin igi. Igbá kan ni, kí ni yóò fi ilẹ̀ púpọ̀ ṣe? Nígbà tí ẹni tó di fóònù mú yí i sí ibẹ̀, ibojì ni mo rí, ibojì gígùn. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé òdiwọ̀n ènìyàn, wọ́n sì tẹ́ aṣọ funfun sínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bàbá dúró létí rẹ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó ní kí àwọn ọmọkùnrin tún fi díẹ̀ kún un.

“Ìyàwó wa ga,” ó ní. “Ó ga ju ẹ̀gbọ́n mi lọ. A máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wálé. Ẹ má jẹ́ kó ká ẹsẹ̀ kò.”

Wọ́n fi kún un. Nígbà tó tó àkókò, bàbá gba igbá lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó wo ibojì gígùn náà, ó wo igbá, ó sì gbójú sí fóònù.

“Káfíńtà, ṣé o wà níbẹ̀?”

“Mo wà níbẹ̀, Bàbá.”

“Ìwọ lo gbẹ́ ẹ. Ibo ni kí á gbé e sí nínú ilé yìí? Ìhà orí ni, àbí ìhà ẹsẹ̀?”

Gbogbo agboolé ń wo èmi tí mo wà ní òkè òkun. Mo wo nọ́ọ̀sì náà, ọmọ wà ní àyà rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

“Ẹ gbé e sí àyà, Bàbá. Ibi tí wọ́n ti ń gbé ọmọ ọmọ wọn.”

Bàbá gbé e lé ọmọkùnrin tó wà nínú ibojì lọ́wọ́, ó sì ń fi ọ̀pá júwe títí igbá náà fi wà ní ibi tí àyà ìyá ì bá wà. Orí ní àyè tirẹ̀, ẹsẹ̀ ní àyè tirẹ̀. Wọ́n ká aṣọ funfun náà bò ó. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí i.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Ọmọ tí ìyá wá tọ́jú ti ń sáré káàkiri, mo sì ti ṣe àga rẹ̀ kó tó fẹ́yàwó. Àwọn ẹlòmíràn ti gbọ́ nípa mi, Yorùbá àti àwọn ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń wá sí Tucker pẹ̀lú ojú tó wú, kí n bá wọn gbẹ́ igbá. Mo ti kọ́ bí àwọn yòókù nínú iṣẹ́ yìí ṣe ń ṣe é. Ìwọ̀n ara òkú ni wọ́n ń béèrè, kí wọ́n lè mọ bí eérú yóò ti pọ̀ tó. Èmi náà ń béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń béèrè. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi wọ́n ni pé, “Báwo ni wọ́n ṣe ga tó?”

Ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu, nítorí kò sí ohun tí gíga fẹ́ fi igbá ṣe. N kì í ṣàlàyé. Wọ́n á kàn dìde, wọ́n á na ọwọ́ sókè láàárín ilé iṣẹ́ mi, wọ́n á ní, “Ibí yìí ni wọ́n ga dé.” Èmi náà á gbójú sókè síbẹ̀, n ó kí ẹni náà nínú ọkàn mi, kí n tó gbé ayùn.